Mílàgì: Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Mo Fi Wá Bàbá Àgbà ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀. Ìbàdàn sí Ìkòròdú

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road. Ẹrù mi kò pọ̀: báàgì kan, èlùbọ́ kóńgò mẹ́ta tí mo ń gbé lọ fún àbúrò màmá mi ní Ìkòròdú, àti irin pẹlẹbẹ kan tí mo wé sínú áńkáṣíìfù, tí mo fi há àyà bí ìyá ọlọ́jà tó ń gbé owó lọ. Nítorí irin yẹn ni mo ṣe kúrò nílé.

Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó ti dúdú, etí rẹ̀ ti jẹ, wọ́n sì la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i láàárín kó lè rọrùn láti ṣẹ́ sí méjì. Ohun tí wọ́n lù sí òkè náà ni wọ́n lù sí ìsàlẹ̀. Èyí tó ṣì ṣeé kà níbẹ̀ ni MILAG, àti nọ́ńbà kan tí ìparí rẹ̀ ti jẹ dànù. Ìsàlẹ̀ àpótí màmá mi ni mo ti rí i, lọ́dún kejì tí wọ́n ti lọ.

Mílàgì ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá tó bí màmá mi ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá Mílàgì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí wọ́n kú, mi ò sì rántí ju pé ọwọ́ wọn le bí igi àjẹ̀, àti pé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Ohun tí a gbọ́ nílé ni pé wọ́n ṣe fáyàmáàn rí, àwọn tó ń ju èédú síná nínú ikùn ọkọ̀ òyìnbó, pé òkun gbé wọn lọ nígbà ogun Hítílà, ó sì dá wọn padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní ti Mílàgì, oníkálukú ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi ní orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ni. Òmíràn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí omi gbé èèyàn ni. Èmi rò ní tèmi pé mílíìkì ni wọ́n fẹ́ pè tí ahọ́n fi yọ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló já a. Ó lọ sí Kew, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BT 373, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ọjà tí ọ̀tá mú nígbà ogun wà. Ó wá Sanni, orúkọ Bàbá gan-an, títí, kò rí i. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ba ẹnì kan tí wọ́n kọ ní Sunny Eppe, fáyàmáàn, ọmọ Lagos. Akọ̀wé òyìnbó bi Bàbá ní orúkọ, Bàbá ní Sanni ará Ẹ̀pẹ́, òun náà sì kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wá èèyàn tiyín níbẹ̀, ẹ má wá orúkọ bí a ti ń pè é nílé. Ẹ pè é sókè bí òyìnbó tí imú rẹ̀ dí ṣe máa pè é, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wíwọlé síbẹ̀ kò ná kọ́bọ̀, káàdì ìkàwé wọn náà ọ̀fẹ́ ni bí ìwé ìdánimọ̀ bá wà lọ́wọ́.

Ó ní MILAG, èdè Jámánì ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀: àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn atukọ̀ tí wọ́n mú lójú omi sí. Ó wà ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Westertimke, tí kò jìnnà sí Bremen. Bàbá àgbà mi gbé orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n rìn káàkiri Ẹ̀pẹ́ fún bí ogójì ọdún, àwa sì ń fi kí wọn káàárọ̀.

Ní ti ọ̀nà, Ìbàdàn dé Ṣàgámù kò ní wàhálà. Ṣàgámù dé Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀. Nítòsí Ògìjo, a fi wákàtí kan àti díẹ̀ wo ìdí trélà kan tí wọ́n kọ "Ayé Ń Lọ" sí lára, trélà náà kò sì lọ. ₦5,000 ni mo san. Ẹ gbé omi àti ìpápánu dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gálà tí wọ́n ń sá lé ọkọ̀ tà.

Àbúrò màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ìkòròdú, ti se ìkọ́kọrẹ́ dè mí. Mo jẹun tán, mo kó irin náà jáde. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n sì dá a padà fún mi kíákíá.

"Ọrùn wọn ló máa ń wà tẹ́lẹ̀," wọ́n ní. "Nígbà tí ìyá wa bí ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n tó bọ́ ọ."

A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n sọ fún mi pé Bàbá kì í sùn láìsí búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí, pé èèrà máa ń yọ ìyá wọn lẹ́nu nítorí rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá kì í jẹ ọ̀dùnkún, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ní, "Ṣé màmá rẹ sọ̀rọ̀ Àpéèlì fún ọ?"

Rárá o, màmá mi kò sọ ọ́.

Ní ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, Bàbá á dúró sí àárín àgbàlá, wọ́n á ké "Àpéèlì!" Gbogbo ọmọ á jáde, oorun lójú wọn, wọ́n á tò. Bàbá á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọwọ́ kan orí kálukú. Bí wọ́n bá pé, wọ́n á ní kí wọ́n padà lọ sùn. Ó tán. Kò sí iṣẹ́, kò sí ẹjọ́. "A rò pé èdè Lárúbáwá ni," Mọ́mì Ìkòròdú ní. "Èmi rò pé àdúà ni."

Mo pe àbúrò mi lórí WhatsApp. Ó rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ó wá dákẹ́. Ó ní Appell ni àwọn Jámánì ń pe kíka àwọn òǹdè. Wọ́n á tò wọ́n síta nínú òtútù, wọ́n á kà wọ́n, bí iye kò bá pé, wọ́n á tún un kà.

Mọ́mì Ìkòròdú ní kí n fún àwọn ní omi. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin sá lọ sí Àkúrẹ́ láìdágbére, ó ku ẹnì kan. Bàbá kà wá nígbà mẹ́fà."

Ọjọ́ kejì, Jímọ̀. Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́

Mọ́mì Ìkòròdú fẹ́ bá mi lọ, orúnkún kò gbà fún wọn. Wọ́n fi ẹja gbígbẹ àti ìkìlọ̀ rẹpẹtẹ sìn mí dé ẹnu géètì.

₦2,500 ni ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Iye tí mo san ni mo sọ o. Bí epo bá tún gbé sókè, ẹ fi kún un. Ìrìn náà dán mọ́rán títí a fi kọjá ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà, tí àwọn àgbá ràgàjì rẹ̀ ń kọ mànà nínú oòrùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni táyà ẹ̀yìn bú. Awakọ̀ ní ká fọkàn balẹ̀, òun ní sípíà. Ó ní i lóòótọ́. Sípíà náà ni kò ní atẹ́gùn.

Obìnrin kan ń yan gààrí lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó rí wa, ó gbé iṣẹ́ kalẹ̀, ó fa bẹ́ǹṣì méjì jáde láti inú ilé, ó sì pín omi inú ọ̀rá kan gbogbo wa. Mo na owó sí i, ó ti ọwọ́ mi padà, ó ní òun kì í ta omi fún ẹni tí ọ̀nà dá dúró. Mo bá ra gààrí kóńgò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ó gbowó rẹ̀ ṣinṣin, kò yọ náírà kan.

Ẹ ò rí bí ó ṣe ń yan án! Igbá pẹlẹbẹ ló fi ń tì í, tí ó ń fà á, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada bí ẹni ń lọ aṣọ, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára mi bó ti ń bi mí ní ìbéèrè. Níbo ni mò ń lọ? Ta ni mò ń wá? Ọdún wo ló kú? Mo fi irin hàn án. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wọ̀n ọ́n wò.

"Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ajá òyìnbó ni," ó ní. Ó sì tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mi ò fi bú wọn o."

Mo ní kò bú wọn. Òótọ́ ni. Ohun tí ihò mẹ́ta àárín yẹn wà fún ni pé bí òǹdè bá kú, wọn á ṣẹ́ irin náà sí méjì, ìdajì á bá òkú lọ, ìdajì á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé. Tiwa kò ṣẹ́.

Ọmọ fọ́kánáísà dé lórí ọ̀kadà lẹ́yìn wákàtí kan, a tún gbéra.

Mo sọ̀ ní oríta Ẹ̀jìnrìn lẹ́yìn Ìtòìkín, mo gun ọ̀kadà wọlé. Kí títì tó gba ọjà lọ́wọ́ omi, Ẹ̀jìnrìn ni ẹnu ọ̀nà Ìjẹ̀bú sí ọ̀sà. Láti Èkó ni iyọ̀ àti aṣọ ti ń bọ̀, láti òkè ni epo, ẹ̀kùrọ́ àti oúnjẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ìyá Bàbá ń ta ẹja yíyan nínú ọjà yẹn. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bá ọlọ́kọ̀ lọ sí Èkó ní ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀, tí wọ́n fi dé Marina, tí ọkọ̀ òyìnbó fi gbà wọ́n sídìí iná. Ohun tí mo bá níbẹ̀ lónìí ni omi tó tẹ́ rẹrẹ, ojú oró, ewúrẹ́ mẹ́ta, àti àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí mo gbà pé ìsọ̀ ìyá àgbà wà. Mo dúró díẹ̀. Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe níbẹ̀ ju kí n dúró lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ yà síbẹ̀, ẹ ní kí ọlọ́kadà dúró dè yín. Èmi kò ní ọpọlọ yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn títí ọkùnrin kan tó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kó pákó fi ṣàánú mi. Àárín pákó ni mo jókòó sí dé oríta. Kò gba owó. Ó ní kí n kí ará Ẹ̀pẹ́ fún òun, bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n.

Mo bọ́ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ̀bà àti ọ̀bọ̀kún tútù ní búkà etí omi, ₦3,000, ẹja náà gùn ju abọ́ lọ. Ilé àlejò tí mo dé sí gba ₦12,000, wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ di aago mọ́kànlá. Kí iná tó lọ, mo tún ka fọ́tò àwọn ìwé tí àbúrò mi fi ránṣẹ́.

Ọdún 1940 ni. Ọkọ̀ ogun Jámánì tó kun ara rẹ̀ bí ọkọ̀ ọjà lásán ló bá wọn lórí Àtìláńtíìkì, ìgbà tó dé tòsí ló tó na àsíá rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀. Ó kó àwọn atukọ̀, ó ri ọkọ̀ wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé tí Jámánì ti gbà. Láti ibẹ̀, rélùwéè gbé wọn lọ sí Sandbostel, àgọ́ ńlá kan níhà àríwá Jámánì. Ní 1942, wọ́n kó àwọn atukọ̀ lọ sí tiwọn ní Westertimke. Nǹkan bí 5,000 atukọ̀ ni àgọ́ náà rí kí ogun tó parí: òyìnbó, ará Íńdíà, ará Ṣáínà, àti adúláwọ̀ láti etíkun tiwa yìí. Búrẹ́dì dúdú àti ọbẹ̀ ewébẹ̀ onígbòǹgbò tó ṣàn bí omi ni oúnjẹ ibẹ̀. Ohun tó ń dá ẹ̀mí wọn sí ni páálí tí ẹgbẹ́ Red Cross ń fi ránṣẹ́. Nínú páálí tó bá ti Kánádà wá, agolo mílíìkì oníyẹ̀fun kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ KLIM sí lára. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ agolo yẹn ni mo kà dé kí iná tó lọ, mi ò sì mọ̀ pé màá tún pàdé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, Àbámẹ́ta. Ẹ̀pẹ́

Mo bèèrè ilé Mílàgì lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń to ẹ̀pìyà sórí àtẹ ní ọjà Olúwo. Ó ní ilé bàbá tó lọ sógun òyìnbó? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọmọ rẹ̀ sìn mí, ọmọ náà sì mú mi dé ilé tí kì í ṣe tiwa.

Bàbá arúgbó kan ló gbà mí lálejò. Bàbá tó bí wọn ló lọ jagun ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Wọ́n gbé fọ́tò jáde: ọ̀dọ́kùnrin kan, fìlà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, aláǹtakùn dúdú lára apá ẹ̀wù. Dífísọ̀n 81 nìyẹn, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kọ́kọ́ lọ sí Íńdíà ní 1943, tí wọ́n ti ibẹ̀ wọ igbó Bọ́mà. Ẹnu wọn dùn. Wọ́n ní kí n wò ó dáadáa, gbogbo orúkọ tí sójà ń jẹ́ l'Ékòó ni bàbá àwọn fi ẹsẹ̀ rìn dé: Arakan Barracks ní Àpápá, Myhoung ní Yábàá, Dodan ní Ìkòyí. Bọ́mà ni gbogbo rẹ̀.

Mo wá sọ ẹni tí mò ń wá. Ojú wọn yí padà díẹ̀.

"Á à, Mílàgì. Ṣùgbọ́n bàbá yín kì í ṣe sójà o. Èédú ni wọ́n ń rọ́."

Mo ti mọ̀ pé màá gbọ́ ọ níbì kan. Màmá mi ti sọ fún mi rí pé bí àwọn ará Bọ́mà bá ń yan lọ́jọ́ ìrántí, tí mẹ́dáàlì ń dún lára wọn, etí títì ni Bàbá máa ń dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Atukọ̀ ọkọ̀ ọjà kì í ṣe sójà, kò ní yúnifọ́ọ̀mù, kò sí bárékè tí wọ́n sọ ní orúkọ ibi tí wọ́n ti fi òtútù pa á. Mi ò jiyàn. Mo kàn jókòó, mo ń wo aláǹtakùn inú fọ́tò.

Bàbá náà ló pa dà sọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ ló gbé bàbá mi dé Íńdíà," wọ́n ní, wọ́rọ́wọ́rọ́, bí ẹni ń ṣírò. "Ta ló ń dá iná ẹ̀?" Wọ́n dìde, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni yóò mú mi dé ilé Mílàgì.

Kò jìnnà, ní apá Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, láàárín àwọn ọmọ àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá láti Èkó ní 1851. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni, páànù rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń yọ egungun lára ẹja gbígbẹ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n di ojú mi mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn ẹja, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Imú rẹ̀ nìyí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Ìyá yìí bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ìròyìn dé ní 1940 pé ọkọ̀ Sanni ti sọnù. Ẹbí dúró ọdún kan, wọ́n dúró kejì. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní òkú òkun kì í ní sàréè, kí wọ́n máa ṣe fìdáù rẹ̀. Aya kan ni Bàbá ní nígbà náà, kò tíì bímọ. Wọ́n ṣú u lópó fún àbúrò Bàbá. Ìyá tí mo kúnlẹ̀ síwájú wọn yìí ni ọmọ tí opó náà bí, ní 1943.

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 1945 ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì já ìlẹ̀kùn Westertimke. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sí ẹ̀búté Ẹ̀pẹ́ lálẹ́, ọkùnrin kan sọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù òyìnbó tó gùn dé kókósẹ̀. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ sá. Àwọn àgbà náà tẹ̀ lé wọn. Àkúdàáyà ni, wọ́n ní. Àbúrò rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyá àgbà kan, tí ó lọ́kàn ju gbogbo wọn lọ, na iyọ̀ sí i láti òkèèrè, ó ní kó lá a kí àwọn rí i. Ó lá a. Ó ní kí wọ́n fi kún un, pé ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ iyọ̀ tó dára.

"Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn," Ìyá ní. "Ó wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀, ó bá èmi ní ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀."

Mo bèèrè ohun tí Bàbá ṣe.

"Ó ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Ó gbé mi. Ó bèèrè orúkọ mi. Àwọn àgbà ti ń to ẹjọ́ sẹ́nu, bàbá mi ń gbọ̀n. Ó ní wọn kò ṣẹ̀ òun, ẹni tí wọ́n ti ṣe fìdáù rẹ̀ kì í gba aya. Ó kọ́ yàrá kan sẹ́yìn àgbàlá, òun nìkan ló ń gbé e títí tó fi fẹ́ ìyá ìyá rẹ."

Ọdún mélòó? Ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn kan bú u ní ojo. Wọ́n mi orí. "Ojú tó ti rí òkun, kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Kò sí ẹni tó lè fi ẹjọ́ aya dẹ́rù bà á mọ́."

Mo wá bi wọ́n ní Mílàgì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó dé náà ni wọ́n ti bi í pé níbo lo wà látọjọ́ yìí? Ó ní Mílàgì. Níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ibẹ̀ tutù. Kò sọ ju ìyẹn lọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ohun tí kò sọ.

Wọ́n fi sàréè hàn mí lẹ́yìn ilé, nítòsí ibi tí yàrá náà wà kó tó wó. Mo ṣàdúà. Ìgbà tí mo padà, Ìyá ní bí mo bá fẹ́ rí nǹkan tí Bàbá fi sílẹ̀, kí n má wá a nínú ilé. "Ojú omi ló wà. Lọ bá ọmọ apẹja ìsàlẹ̀ yẹn ní ìdájí ọ̀la, kó se omi fún ọ."

Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, àti padà sí Ìkòròdú

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo dé etí omi. Ọkùnrin apẹja náà tó bí ẹni àádọ́ta ọdún. Ó gba ₦5,000 fún epo ẹ́ńjìnnì, ó ní ti ara òun ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá máa bá apẹja lọ, ẹ béèrè ẹ̀wù ìléfòó, kí ẹ má tijú. Èyí tó fún mi ń rùn edé, mo sì wọ̀ ọ́.

Ó pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a dé ibi àwọ̀n rẹ̀. Ó fa nǹkan kan jáde lábẹ́ pákó ìjókòó, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wa.

Pákó kan ló wà nísàlẹ̀, gígùn rẹ̀ tó apá. Ní òpin kan, agolo mílíìkì tí wọ́n dá ihò sí ìdí rẹ̀: ìdí iná nìyẹn. Ní àárín, agolo míràn tí wọ́n dùbúlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ páànù kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi páànù ká so méjèèjì pọ̀. Ní òpin kejì, àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ìdérí ọ̀rá ṣe, tó ní ọwọ́ ìyí. Okùn bàtà kan, àní okùn bàtà, ló ti ara àgbá ńlá yìí lọ sí ara èyí tó kéré létí abẹ̀bẹ̀. Bí ọwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, abẹ̀bẹ̀ á yí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni, àmọ́ èyí tó lè wọ báàgì.

Ó ju èèpo àgbọn díẹ̀ àti ẹ̀ẹ́rún igi sínú agolo, ó ṣáná sí i, ó yí ọwọ́. Iná náà ké. Ẹ̀rí mi nìyí: ó ké, ó pọ́n, ó wá funfun láàárín. Omi ife méjì hó kí n tó tú ọ̀rá ṣúgà tán.

"Bàbá Mílàgì ló kọ́ bàbá mi," ó ní. "Bàbá mi kọ́ èmi. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í pa á, igi kékeré ló ń jẹ. Wọ́n ní ibi tí Bàbá wà, igi kò sí, wọ́n sì ní láti se nǹkan."

Mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, mi ò kà á sí: ààrò tí àwọn òǹdè ń fi agolo KLIM ṣe lágọ̀ọ́ Jámánì, kí wọ́n lè fi páálí àti èérún pákó se omi. Wọ́n fi ẹwìrì sí i nítorí pé ohun tí wọ́n ní láti dá kò tó ẹ̀kúnwọ́. Bàbá kò lè sọ Mílàgì fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ apẹja Ẹ̀pẹ́ kan bí a ṣe ń dáná níbẹ̀, ó sì ń ké lórí ọ̀sà láti ìgbà náà.

Mo ní kó ta á fún mi. Ó kọ̀. Mo fi owó lé e, ó tún kọ̀, ó sì fẹ́ bínú. Ó ní agolo méjì àti okùn bàtà ni, kí n lọ ṣe tèmi. Ó wá yà á sórí páálí sìgá fún mi, ó fi ìka wọn ọ̀nà afẹ́fẹ́: ìka mẹ́ta, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kó ẹja wálẹ̀, ó fún mi ní ọ̀bọ̀kún méjì.

Ọkọ̀ Ìkòròdú kún ní Ọjọ́ Àìkú, ẹ tètè dé gáréèjì. ₦3,000 ni wọ́n gbà, nítorí àwọn tó lọ ayẹyẹ. Táyà kò bú. Mo wá ojú obìnrin onígààrí nígbà tí a ń kọjá, àtíbàbà rẹ̀ ṣófo.

Lálẹ́, Mọ́mì Ìkòròdú kó agolo mílíìkì wọn jáde, mo tú okùn bàtà mi, mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ àti àwòrán páálí sìgá. Mo fi páànù ya ìka. Mo ṣe abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta dípò inú. Nígbà tí mo tún un ṣe tí mo ṣáná sí i, èéfín ló kún ilé, a sá jáde sí àgbàlá, a ń wúkọ́, àwọn ọmọ yàrá kejì náà sì yọrí láti wo ohun tó ń jó.

Mọ́mì Ìkòròdú nu ojú pẹ̀lú etí ìró. Wọ́n wo gbogbo wa bí a ṣe dúró síbẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ kan orí wa: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.